Ẹ Ṣí Yàrá Kọ̀ǹpútà Yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ewé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èmi àti ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ kò wọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, mo yà sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Àkànrán, níbi tí wọ́n ti ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ "Yàrá Kọ̀ǹpútà" gàdàgbà sára ògiri, àgádágodo ẹnu ọ̀nà sì ti dípẹtà. Mo yọjú lójú fèrèsé: ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà lára wọn, eruku ti bò ó. Wọ́n ní káwọn ọmọ má baà bà wọ́n jẹ́ ni.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: àgádágodo, iná àti olùkọ́.

Láti 2015 ni ìdánwò JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ Lálúpọn, ọmọ Ìjàyè, ọmọ Erúnmu, aago kan náà ló ń lé àwọn àti ọmọ Bódìjà nígboro Ìbàdàn. JAMB mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ máòsì í lò, wọ́n ní bọ́tìnnì mẹ́jọ ti tó: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R fún ẹni tó bá yí ọkàn padà pé òun kò tíì parí. Bọ́tìnnì mẹ́jọ! Ọ̀sán kan tó olùkọ́ láti fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹnìkan, ọjọ́ tí ọmọ àgbẹ̀ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ni ọjọ́ tí wọ́n ń fún un ní máàkì.

Bàbá mi kò fi àdá pamọ́ fún mi. Ó fi kékeré lé mi lọ́wọ́ nínú oko kòkó, ó dúró tì mí. Mo fi gé ìka. Ó fún omi ewé Akíntọ́lá sí i, ẹ̀jẹ̀ dá, a bá iṣẹ́ wa lọ.

Ẹ má sọ pé kò síná. Ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó ń lo bátìrì, lé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé kíláàsì àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, kò dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Lábúlé tí kò níná rárá, ẹ ṣáà ń rí ibi ṣáájì fóònù yín.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ á dúró ná, inú ṣì ń bí mi sí àgádágodo yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn SS3 wọ yàrá kọ̀ǹpútà yín lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Bí kọ̀ǹpútà kan bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.