Ẹ̀rín Kì í Ṣe Tẹ̀ṣọ́ Ààfin Nìkan

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, a jókòó sí pálọ̀ Àlàájà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Gángan, à ń wo fíìmù ọba ayé àtijọ́ kan. Ẹ mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ọba wọlé, ìlù ń dún, ó jókòó, ó fajú ro, ó pa òwe mẹ́ta léra wọn kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìjòyè kan fi òwe mẹ́rin dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan gbàgbé ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó sáré padà lọ mú un, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú gbì. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọba tún wọlé, pálọ̀ tún pa lọ́lọ́ bí ìgbà tí lèmọ́mù fẹ́ gbé ìrun dìde.

Àlàájà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wo ọba náà títí, ó wá ní, "Ọba yìí, ṣé kò níyàwó nílé ni?"

Mo ní, "Ó ní, mà. Mẹ́fà ni."

Ó ní, "Irọ́ ni. Ta ló níyàwó mẹ́fà tí ẹyọ kan nínú wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí? Èyí kì í ṣe èèyàn. Ère ni."

Ọ̀rọ̀ Àlàájà yìí ni mo fẹ́ bá yín fà lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù lórí fóònù bíi tèmi. Nínú eré tí à ń ṣe nípa àwọn aṣáájú ìlú, a ti pín ẹ̀rín bí ẹni pín ẹran iléyá. Ẹ̀ṣọ́, ẹrú, akólòlò, ìyá ẹlẹ́mu, àwọn ni a kó gbogbo ẹ̀rín fún. Ọba, ìjòyè àti òṣèlú, ọ̀wọ̀ nìkan la bù fún wọn. Mo ní ìpín yìí ò dáa. Kò bá ìtàn mu, kò bá àṣà wa mu, ó sì ń ba ojú tí a fi ń wo àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí jẹ́.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn àgbà kan ládùúgbò ní kí n kọ eré kékeré kan fún àwọn ọmọ iléèwé, lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó. Ìtàn náà ò ṣòro. Ní 1851, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìbọn ńlá lu ìlú, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Àwọn àgbà ń pe ogun yẹn ní Ogun Àgídìngbì, torí bí ìbọn náà ṣe ń dún. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ló wà lórí oyè nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dé. Wọ́n gbé ìwé fún un pé kó fọwọ́ sí i kí Èkó di ti Ọbabìnrin Fiktóríà. Kò fẹ́. Wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé bí kò bá fọwọ́ sí i, ìbọn á tún dún. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, 1861, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ wo inú ìwé yẹn fúnra yín. Orúkọ ọba tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe Dòsùnmú. "Docemo" ni. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, wọn ò lè kọ orúkọ ẹ̀ dáadáa! Ìwé yẹn kan náà sọ pé wọ́n á gbà kó máa jẹ́ ọba lọ, ṣùgbọ́n ọba ní ìtumọ̀ tí àwọn ará Áfíríkà ń fún un. Ìyẹn ni pé, máa jẹ́ ọba, ṣá má ṣe ọba. Wọ́n ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì fún un. Nígbà tó yá, wọ́n fi iye ẹ̀ sí 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún.

Kí ni mo wá ṣe nínú eré mi? Mo kọ ìran kan tó jẹ́ pé orí ara mi ni mo ti rò ó. Ògbufọ̀ ń ka ìwé náà sókè níwájú ọba. Ó dé ibi orúkọ, ó kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Èmi, Dósẹ́mò." Ọba wẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ta ni wọ́n ń pè?" Ògbufọ̀ ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin ni." Ọba ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Á dáa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní mo fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n lọ wá Dósẹ́mò."

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ dán an wò, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ yọ ibẹ̀ yẹn kúrò. Ọba kì í ṣe aláwàdà." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. A yọ ọ́. Ṣẹ́ ẹ mọ èyí tí wọ́n ní ká fi sílẹ̀? Ìran ẹ̀ṣọ́ tó mu ẹmu yó, tó ń kí ògiri káàárọ̀. Wọ́n ní ìyẹn dáa, pé àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Ọba wọlé, ó sorí kodò, ó fọwọ́ sí ìwé, ó jáde. Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tí a parí, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ wá bá mi lẹ́yìn ìtàgé. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dẹ̀ ni ọba yẹn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ọ̀wọ̀ ni a ní a fẹ́ bù fún Dòsùnmú, òun gan-an la wá sọ di ọ̀dẹ̀ lójú ọmọdé. Ọba tí kò sọ nǹkan kan, tí kò fi nǹkan kan ṣe yẹ̀yẹ́, tó kàn fọwọ́ síwèé bí àgùntàn, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ rò? Bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ fún wa pé Dòsùnmú ò gba nǹkan yẹn wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i, ó kọ̀wé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀rín tí wọ́n yọ kúrò yẹn gan-an ni ì bá fi han ọmọ náà pé ọba mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, pé orí ẹ̀ pé, pé agbára ni kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ṣebí ẹ̀rín là á fi í rín.

Àwọn kan á ní àṣà wa ò gbà kí wọ́n fi aláṣẹ ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àṣà ta nìyẹn? Ṣé ẹ ti dé Apọ́ngbọ̀n rí? Gbogbo ọmọ Èkó ló ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. William McCoskry ni orúkọ òyìnbó tó jẹ́ adelé kọ́ńsù nígbà tí wọ́n gba Èkó, òun ló sì kọ́kọ́ jókòó bí adelé gómìnà. Irùngbọ̀n ẹ̀ pọ́n. Àwọn baba ńlá wa ò ní ìbọn tí wọ́n lè fi dá a lóhùn, ni wọ́n bá wo àgbọ̀n ẹ̀, wọ́n ní, "A-pọ́n-irùngbọ̀n." Lónìí, mélòó nínú wa ló mọ McCoskry? Ṣùgbọ́n kọ́ńdọ́ ṣì ń pariwo irùngbọ̀n ẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló borí gómìnà.

Ká tún wo ti Èṣùgbàyí Elékòó. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀, ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání, ó sì ń sọ̀rọ̀ ọba náà fún àwọn òyìnbó lọ́nà tó bí ìjọba nínú. Ìjọba ní kí Èṣùgbàyí sọ pé ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní ìyẹn ò tó, kó rán alágogo kó lọ máa lu agogo káàkiri ìlú, kó polongo ẹ̀. Ọba ní agogo òun ò ní jáde. Ẹ rò ó wò ná: ìjọba tó ní ọkọ̀ ogun, tó ní ṣọ́jà, tó ní ẹ̀wọ̀n, ń bẹ agogo kan kó jọ̀ọ́ kó dún! Torí agogo yẹn ni wọ́n ṣe ní àwọn ò kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó fi ẹjọ́ bá wọn jà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wá sí Èkó ní 1931. Tí ẹ bá ṣe eré nípa ọkùnrin yìí tí ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ agogo, ẹ̀yin lẹ ò mọ ìtàn náà.

Ká tiẹ̀ kúrò l'Ékòó. Àwọn ará Ìbàdàn ń fi ọjọ́ Òkèbàdàn bú ẹni gbogbo, wọn ò wo ojú olówó tàbí ìjòyè. Àwọn ará Kétu ní Ẹ̀fẹ̀ alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ẹni tó gbé egúngún á ti fi orin tú àṣírí ẹni tó ṣe ohun tí kò tọ́ láàárín ìlú. Ẹni tó bá gbọ́ oríkì dáadáa mọ̀ pé eébú àti ẹ̀yìn ló ń jùmọ̀ ń gbé inú ẹ̀. Àwa tí a ń ṣe fíìmù lónìí la kó gbogbo ìyẹn dànù, tí a wá ń fi ojú ṣọ́ọ̀ṣì wo ààfin.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn o. Wọ́n ní ìdílé àwọn ọba yìí ṣì wà láyé, pé ìtẹ́ṣẹ̀ kan ni wọ́n wà sí wa. Òótọ́ ni. Ọmọ Kòsọ́kọ́, ọmọ Akítóyè, ọmọ Dòsùnmú, a jọ ń ra àkàrà lójú kan náà ni. Torí náà, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fi ìpalára ẹlòmíì ṣeré. Ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀sín. Kò sí nǹkan ẹ̀rín nínú àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba etí ọ̀sà yìí lọ tà, tí àwọn ọba àti àwọn ọlọ́jà ńlá wa náà sì jẹ èrè níbẹ̀. Kò sí nǹkan ẹ̀rín nínú ilé tó jóná ní 1851. Ìgbéraga aláṣẹ, irọ́ ẹ̀ àti ọgbọ́n àrékérekè ẹ̀ nìkan ni mo ní ká máa rín. Ẹ tún wò ó dáadáa: akólòlò tí ẹ ń rín nínú fíìmù, kí ló ṣe fún yín? Òun náà ní ìdílé. Kí ló dé tí a kì í bẹ̀rù ìdílé tiẹ̀?

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí a ń bẹ̀rù la kì í rín. Àwọn tó wà lórí àga náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú, lórí ọba kan àti ìgbákejì ẹ̀ tó dalẹ̀ ẹ̀. Kò dárúkọ olóṣèlú kankan, ṣùgbọ́n ẹni tọ́rọ̀ kàn mọ ara ẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré ẹ̀ jákèjádò ẹkùn náà, òfin yẹn ò sì kúrò títí ṣọ́jà fi gbàjọba ní 1966. Ní Rọ́ṣíà ní 2018, nígbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù The Death of Stalin jáde ní sinimá, ìjọba gba ìwé àṣẹ ẹ̀ padà. Ọkùnrin tó kú láti 1953! Ta ló kù tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹ̀rín?

Àwọn tó ń ṣe fíìmù, ẹ̀yin la bá wí. Ìdúmọ̀tà tí wọ́n ti ń ta fíìmù Yorùbá láti ayé kásẹ́ẹ̀tì ò jìnnà sí pálọ̀ Àlàájà rárá. Ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè bí aláṣẹ ṣe ń rí nígbà tó bá ń wá bàtà ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé ọba dìde kúrò lórí ère, ẹ jẹ́ kó ṣìsọ, kó gbàgbé orúkọ, kí olorì bú u. A ò ní tìtorí ìyẹn bọ̀wọ̀ fún un mọ́? Rárá o, ìgbà yẹn la tó máa mọ̀ pé èèyàn ni, pé ohun tó ṣe, ó yàn án ni, àti pé èyí tó wà lórí àga lónìí náà ń yan tiẹ̀.

Ní tèmi, mo ti tọ́jú ìran Dósẹ́mò yẹn. Ọmọkùnrin tó pe ọba ní ọ̀dẹ̀ ti wọ iléèwé girama báyìí. Mo fún un ní ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó kà á. Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n ó mọ̀."

Ó mọ̀. Ohun tí mo ti ń wí bọ̀ láti àárọ̀ nìyẹn.