Àwòrán Tó Dára Kò Gbọdọ̀ Pa Kòkòrò, Kò sì Gbọdọ̀ Parọ́

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá àwa ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya alángbá, aláǹtakùn, labalábá àti tata ní ẹ̀yìnkùlé wí, nítorí ẹ̀dá tí kò lè ké ni à ń yà. Iṣẹ́ náà dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà méjì wà nínú rẹ̀ tí mo lòdì sí pátápátá: kí a máa dá ẹ̀dá lóró nítorí àwòrán, àti kí a máa fi àtúnṣe àwòrán parọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdálóró. Bí fóònù bá sún mọ́ kòkòrò gan-an, ibi tín-ínrín ló máa ń hàn kedere. Bí ojú bá mọ́, ìyẹ́ lè rí bàìbàì. Bí kòkòrò bá tún mira, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé e sínú fìríìjì kí òtútù má jẹ́ kí ó lè rìn, tí àwọn mìíràn ń fi gúlúù lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ewé, tàbí kí wọ́n kúkú pa á, kí wọ́n sì pe òkú ní alààyè. Ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Sùúrù lè ṣe iṣẹ́ fìríìjì. Ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ara labalábá kì í tíì yá. Ẹni tó bá tètè jí, tó sì rọra kúnlẹ̀, yóò rí i yà.

Irọ́ ló kàn. N kò sọ pé kí a má ṣe tún àwòrán ṣe. Ẹni tó gé etí rẹ̀, tó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, tàbí tó pa àwòrán mẹ́wàá pọ̀ kí ara kòkòrò lè hàn kedere látorí dé ìdí, ohun tó wà níbẹ̀ ló ń fi hàn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yí àwọ̀ padà, tó ń lẹ òdòdó tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ọn, irọ́ ló ń pa. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Orí akọ alángbá a máa pọ́n, ara rẹ̀ a sì dú bí aró, nígbà tí oòrùn bá ta sí i tó ń jọba lórí ògiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí ẹ̀rù bà á, àwọ̀ náà a ṣá. Dúdú àti ìyeyè ara tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ ń kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ pa á jẹ pé kò dára lẹ́nu. Bí a bá sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, báwo ni ọmọ àgbẹ̀ yóò ṣe fi àwòrán wa dá ọ̀tá oko bàbá rẹ̀ mọ̀?

Àwọn ńlá pàápàá kò gba irú èyí láyè. Ní ọdún 2018, Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fagi lé àwòrán kan tó ti gbégbá orókè ní ìsọ̀rí kan nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ti 2017. Ó ṣàfihàn ẹranko kan tó ń jẹ ìkán, lẹ́bàá òkìtì ìkán ní Brazil. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbà pé òkú ẹranko tí wọ́n kì ni. Ayàwòrán náà sẹ́, síbẹ̀ ipò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Kòkòrò lásán! Ṣé a kì í pa ẹ̀fọn ni?" Ẹ̀fọn ń fa ibà, ara wa ni à ń gbà là. Ibà wo ni labalábá fà? Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ọnà ni àwòrán. Mo gbà. Kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, nígbà náà, pé àwọn fi ọwọ́ ara wọn kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá ní kí a mú kòkòrò wá fún ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì, ẹ jẹ́ kí àwòrán alààyè rọ́pò òkú inú ìgò. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó yin àwòrán, ẹ bèèrè pé, "Báwo lo ṣe yà á? Kí lo yí padà?" Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, alángbá tí a bá yà lónìí, ẹ jẹ́ kí ó rí ògiri gùn lọ́la.