Òwú Tí Ó Mọ Ìgbà Tí A Bá Làágùn

Ìyá kan tí ó ń gbé ní Bowie ni ó dá mi dúró níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Lanham, tí ó ní kí n bá òun bá ọmọ òun obìnrin sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ìṣègùn ni gbogbo ilé ti fọkàn sí pé yóò kọ́, ṣùgbọ́n ó dé fún ìsinmi, ó ní ẹ̀kọ́ nípa ohun èlò ni òun fẹ́, pàápàá nípa àwọn ike rírọ̀ tí ó lè yí ara wọn padà. Ìyá náà ní, “Ẹ gbà mí o! Ṣé torí ike ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ òru?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ òru ń gbà lára ènìyàn. Mo ṣèlérí pé n ó wádìí ohun tí ọmọ náà ń wí kí n tó la ẹnu. Ohun tí mo rí nìyí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú ìjà yìí ti ń jà.

Ẹ jẹ́ kí á ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ pámpáàsì ọmọ lóru mọ̀ pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó máa ń rí kí ọmọ tó tọ̀ sí i. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti wú. Ìyẹ̀fun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mu omi náà. Pólímà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, èyíinì ni ohun tí àwọn ẹyọ kéékèèké inú rẹ̀ so kọ́ra wọn, tí wọ́n gùn lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Rọ́bà, ọ̀rá, ike, òwú pàápàá, pólímà ni gbogbo wọn. Ti inú pámpáàsì wú, ó parí. Èyí tí ọmọ wa ń wí ni irú tí ó lè yí padà, tí ó sì tún lè padà sí ipò rẹ̀.

Kò sì jìnnà sí wa. Ní College Park, nínú Prince George's County wa níbí, ni YuHuang Wang, onímọ̀ kẹ́mísírì, àti Min Ouyang, onímọ̀ físíìsì, ti Yunifásítì Maryland, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ti ṣe òwú kan tí wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù Kejì ọdún 2019. Fọ́nrán òwú náà kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì: ọ̀kan ń mu omi, èkejì kì í mu ún. Ẹ rántí pákó tí òjò pa lójú kan ṣoṣo, bí ó ti máa ń ká kò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Bí ara bá làágùn, ìhà kan wú, èkejì dúró, fọ́nrán náà tẹ̀, gbogbo wọn sì fà súnmọ́ ara wọn. Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín aṣọ, afẹ́fẹ́ kọjá.

Ṣùgbọ́n àyè tí ó ṣí yẹn kọ́ ni olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fi carbon nanotube pa fọ́nrán wọ̀nyí lára. Bí a bá gé mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanometer. Irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 rẹ̀. Ara ènìyàn máa ń tú ooru jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ojú kò lè rí. Nígbà tí àwọn fọ́nrán bá súnmọ́ra, kábọ̀n tí ó wà lára wọn yí ọ̀nà tí aṣọ ń gbà bá ìtànṣán náà lò padà, ooru sì ń rí ọ̀nà lọ. Bí ara bá gbẹ, tí ó sì tutù, aṣọ náà á padà sí ipò rẹ̀, á sì dá ooru dúró. Ìyàtọ̀ tí wọ́n wọ̀n nínú ìtànṣán tí ń kọjá lé ní ìdá 35 nínú 100. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe é sọ nígbà náà pé iṣẹ́ ṣì kù kí ó tó dé ọjà.

Irú ìwádìí yìí kì í ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ní White Oak, níbi tí ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi wà nígbà kan rí, ni William Buehler ti po nickel mọ́ titanium, tí ó pè é ní Nitinol. Níbi ìpàdé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ń gbé pẹlẹbẹ irin náà kiri tí wọ́n ti ká a wérewère. Ẹnìkan fi iná ìtanná pípù rẹ̀ ràn án, ó sì nà gbọọrọ lójú gbogbo wọn. Lónìí, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ wáyà tí àwọn dókítà fi ń to eyín ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó rẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé.

Nílé náà ńkọ́? Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo okùn aláǹtakùn, èèpo kòkó àti èèpo obì láti fi ṣe ẹ̀rún fàdákà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti dà á mọ́ ọ̀dà kí kòkòrò àrùn má baà gbèrú níbẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé iyọ̀ nìkan ni mo rí nínú ọbẹ̀ yìí. Ní ọdún 2014, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka oríṣi carbon nanotube kan mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà. Ẹni tí ó ń fà á símú níbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn. Bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá délé wa, ó yẹ kí á béèrè ohun tí ń bọ́ lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Ta ni yóò dáhùn, bí kò bá sí ọmọ wa kankan tí ó kọ́ ọ?

Ohun tí mo sì sọ fún ìyá náà jù lọ ni èyí: Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìbàdàn. Nílé, láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni a ti ń wọlé kọ́ ìṣègùn. Níhìn-ín, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ni, oyè náà sì lè jẹ́ ti ẹ̀kọ́ yòówù, bí ọmọ bá ṣáà ti ṣe kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì, físíìsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà ìṣègùn kò tíì dí mọ́ ọmọ náà. Bí kò bá sì padà sí i mọ́, kò ṣáko.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá wọ́n lè fi òwú náà hun aṣọ òkè, nítorí ìyà tí agbádá fi ń jẹ bàbá ọmọ náà níbi àríyá oṣù Keje. Mo ní kí ó lọ bi ọmọ rẹ̀.