Kámẹ́rà Nìkan Kò Lè Wá Àìsàn Rí

Àgbà ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ próstéètì lè lọ ya X-ray ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé egungun rẹ̀ mọ́, nígbà tí jẹjẹrẹ náà ti wọ inú egungun ọ̀hún. Kì í ṣe pé ẹni tó ka àwòrán náà kò mọṣẹ́. Egungun gbọ́dọ̀ ti pàdánù bíi 30 sí 50 nínú 100 èròjà tó mú un le kí X-ray tó lè fi ibi tó bàjẹ́ hàn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní síǹtígíráfì kì í dúró de ìgbà yẹn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún un ní oògùn tí wọ́n so mọ́ technetium-99m, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, wọ́n á dúró fún bíi wákàtí mẹ́ta, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sábẹ́ kámẹ́rà gámà. Ibi tí egungun bá ti ń ṣe làálàá láti tún ara rẹ̀ ṣe ni oògùn náà ń kó sí jù, ibẹ̀ ló sì máa ń dúdú nínú àwòrán, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Jẹjẹrẹ tó ti dé egungun kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nígbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ni àyẹ̀wò yìí ń yà, ju bí ara ṣe rí lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hal Anger ti ṣe kámẹ́rà gámà ní Berkeley ni ayé ti ń jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, ní Nàìjíríà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ohun afẹ́ ni wọ́n fi ń mú un. Ìyẹn kò tọ̀nà rárá, nítorí àwọn àrùn tó wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an ni àyẹ̀wò yìí ń dáhùn ìbéèrè wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí itan rẹ̀ wú, tó ń ro ó, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà dé apá kan egungun, tí apá náà sì kú. Ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ egungun, tí ọyún ń kó síbẹ̀. Omi, oògùn ìrora àti ìsinmi ni ti àkọ́kọ́. Oògùn apakòkòrò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ti èkejì, ó sì lè la iṣẹ́ abẹ lọ. X-ray kì í sábà rí nǹkan kan láwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. MRI pàápàá máa ń rú dókítà lójú, nítorí méjèèjì lè jọra níbẹ̀. Síǹtígíráfì egungun nìkan náà kò tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya ti mùdùnmúdùn egungun mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yéni. Bí mùdùnmúdùn ibi tó ń dun ọmọ náà kò bá gba oògùn, egungun tó kú ló jọ. Bó bá gbà á bó ti yẹ, tí àwòrán egungun ibẹ̀ sì yí padà, àkóràn ni kí wọ́n máa wá. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ ẹ̀jẹ̀ SS tó Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n ń fún ní apakòkòrò lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ lórí àkóràn tí kò ní ń jìyà lásán, èyí tí wọ́n sì ní kó lọ sinmi nígbà tí ọyún ń jẹ egungun rẹ̀ lè yarọ.

Ti gẹ̀gẹ̀ náà sún mọ́ èyí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé họ́mọ̀nù tairọ́ọ̀dù ti pọ̀ jù lára obìnrin kan láìsọ ohun tó fà á. Síǹtígíráfì lè sọ ọ́: bí gbogbo ẹṣẹ́ tairọ́ọ̀dù bá ń gba oògùn lágbáralágbára, àrùn Graves ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ kókó kan ṣoṣo ló ń gbà á, kókó náà ló ń da ara láàmú. Bí kò bá gbà á rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹṣẹ́ náà wú, kó máa da họ́mọ̀nù tó ti kó pamọ́ síta, oògùn tó ń dá ẹṣẹ́ náà dúró kò sì wúlò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti kíndìnrín kò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín ta ẹbí rẹ̀ lọ́rẹ, àyẹ̀wò yìí á sọ iṣẹ́ tí tòsì ń ṣe àti èyí tí tọ̀tún ń ṣe.

Ó ní àléébù o. Làkúrègbé máa ń dúdú nínú àwòrán bíi jẹjẹrẹ, egungun ìhà tó ṣẹ́ nígbà tí ọ̀kadà gbé èèyàn ṣubú náà máa ń dúdú. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá sì ti gba gbogbo egungun tán, àwòrán lè dọ́gba délẹ̀ débi pé ojú tí kò mọṣẹ́ á pè é ní àlàáfíà. Kíndìnrín tí kò hàn mọ́ ló máa ń tú àṣírí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí PSA rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún próstéètì, kò tó 10, tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò sì le, kì í sábà nílò rẹ̀. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó gún wọn lábẹ́rẹ́.

Oògùn gan-an ni ìṣòro ńlá. UCH Ìbàdàn àti National Hospital Abuja ti ní kámẹ́rà, IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì, sì ti ṣèrànwọ́. Ṣùgbọ́n technetium-99m kò ṣeé kó pamọ́: láàárín wákàtí mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyí tí ilé ìwòsàn fi ń ra àpótí tí molybdenum-99 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fa technetium jáde nínú rẹ̀ láràárọ̀. Àpótí náà pàápàá ń kú lọ. Wákàtí 66 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Tó bá fi pé ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Pelindaba ní South Africa, níbi tí reactor SAFARI-1 wà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ láyé tó ń ṣe molybdenum-99 fún títà. Reactor tó wà ní Zaria kéré jù fún irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ti Chalk River ní Kánádà dákẹ́ láti 2009 wọ 2010, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí Kòrónà sì dá bàálù dúró ní 2020, ìpèsè rẹ̀ dàrú.

Ìjọba tó bá ra kámẹ́rà láìṣètò owó àpótí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Owó ẹ̀rọ tí gómìnà tàbí mínísítà á wá ṣí máa ń yá ju owó ohun tí ń tán lọ, níbẹ̀ sì ni aláìsàn ti ń pàdánù. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ bá àwọn tó ń ṣe é ṣàdéhùn ọlọ́dún púpọ̀, kó má sì jẹ́ ibì kan ṣoṣo. Kí àwọn aṣọ́bodè jẹ́ kí àpótí náà kọjá lọ́jọ́ tó bá dé, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá fi jókòó ní pápákọ̀ òfuurufú ti jẹ ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀.

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò PET ló kù, pé ayé ti kọjá síǹtígíráfì. PET ń ríran jù ú lọ lóòótọ́, pàápàá lórí jẹjẹrẹ próstéètì. Ṣùgbọ́n ìdajì fluorine-18 tó ń lò jù lọ kì í pé wákàtí méjì tó fi ń lọ, ó sì ń fẹ́ cyclotron, ẹ̀rọ tó ń ṣe é, nítòsí. Oògùn PSMA tó ń dọdẹ jẹjẹrẹ náà ti wà ní irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ technetium-99m, kámẹ́rà gámà sì lè yà á. Ilé ìwòsàn tí àpótí ń dé bá déédéé lè bẹ̀rẹ̀ èyí láìra kámẹ́rà tuntun.