Èérí Ilé-Ìpọntí Dára fún Màlúù, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Ra Omi

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń sin màlúù fún títà, ẹ ó ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé èérí ọkà jáde láti ilé-ìpọntí, tí omi ń kán láti inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Àwọn kan kà á sí pàǹtí. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ọtí yóò pa màlúù. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti sẹ́ èérí yìí kúrò kí omi ọkà tó di ọtí, kò sì jìnnà sí èérí ògì tí àwọn ìyá wa ń dà fún ewúrẹ́. Adùn ọkà ni ọtí ń gbà. Èròjà tí ń mú ẹran-ara dàgbà ṣẹ́kù sínú èérí. Bí èérí bá gbẹ, èròjà yìí a máa tó 20 sí 30 nínú 100, nígbà tí ti àgbàdo kò ju bí 9 lọ. Ọkà ilẹ̀ wa sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀: nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá kíkó báálì híhù wọlé dúró ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-ìpọntí gbà lò, wọn kò sì pa wọ́n tì nígbà tí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni omi. Nínú kìlógíráàmù 100 èérí tútù, omi nìkan a máa tó 75 sí 80. Ẹni tí ó bá gbé e rin ìrìn wákàtí mẹ́ta ti fi owó epo mọ́tò ru omi tí kànga rẹ̀ ìbá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń fi àgbàdo ṣe ọtí tí a ń dà mọ́ epo mọ́tò, wọn a máa fún màlúù ní èérí rẹ̀ ní tútù, nítorí pé ọgbà màlúù púpọ̀ wà nítòsí ilé-iṣẹ́ náà. Èyí tí yóò lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọn a kọ́kọ́ mú un gbẹ.

Èrò mi ni pé ẹni tí ọgbà rẹ̀ jìnnà kò gbọdọ̀ dá ra èérí tútù. Kí àwọn ará àdúgbò, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, pawọ́ pọ̀ ra ọkọ̀ kan, kí wọ́n sì pín in lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú ooru tiwa, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún un láti kan, kí ó sì bu. Èyí tí ó bá ti bu, ẹ dà á nù. Oró inú èébu lè ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dun ni láti da ohun tí a fowó rà nù, pàápàá nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí olúkúlùkù ń fẹ́ kí akọ màlúù rẹ̀ sanra. Òkú màlúù dun ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sá a ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ní ìgbà òjò, ẹ kì í sínú àpò ọ̀rá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì dì í pinpin.

Ẹ má fi í ṣe gbogbo oúnjẹ. Koríko ni ìpìlẹ̀. Kí èérí, bí a bá ṣírò rẹ̀ ní gbígbẹ, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Èròjà tí ń mú egungun le kò tó nínú rẹ̀, èyí sì lè mú kí òkúta dí ọ̀nà ìtọ̀ akọ màlúù. Nítorí náà ẹ bu ìkarahun lílọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn olùsìn adìẹ ń lò.

Bí ẹ bá sì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìpọntí, ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ èérí kan wò kí ẹ tó dá owó lé e. Bí omi bá ń ṣàn gba àárín ìka yín, ẹ jẹ́ kí ó ro tán kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún yín.