Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Ọgbà Kì í Ṣe Eré Ọmọdé

Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, mo dìde, mo kí àwọn àgbà, mo sì sọ pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí igbó ti bò, tí àwọn ewúrẹ́ sì ti sọ di ilé, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ di ọgbà. Kí á to ojú irin kékeré sínú rẹ̀, kí ọkọ̀ kékeré máa rìn lórí rẹ̀, kí ó máa gba àárín abúlé àwòṣe tí àwa fúnra wa bá fi ọwọ́ mọ. Alága kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin akọ̀ròyìn wọ̀nyí, ìwé ti pọ̀ lórí yín jù. Ẹni tí kò tíì jẹun, ẹ ní kó wá wo ọkọ̀ ìṣeré?" Ilé mì tìtì fún ẹ̀rín. Kí ọdún tó yí po, ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ ti dúró sórí ilẹ̀ náà. Márùn-ún nínú wọn ṣì wà ní títì pa bí mo ti ń kọ èyí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló bí mi nínú. Èrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ bá wọ̀yá ìjà: èrò pé ohunkóhun tí kì í bá ṣe oúnjẹ tàbí owó, ìranù ni, àti pé òtòṣì kò gbọdọ̀ ní ohun tó rẹwà títí yóò fi lówó.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irú rẹ̀ ti wáyé. Ní Beaconsfield, ìlú kan tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, oníṣirò owó kan wà tí ń jẹ́ Roland Callingham. Inú ọgbà ilé rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ilé kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdá kan nínú 12 ilé gidi. Iléeṣẹ́ Bassett-Lowke, tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí ọkọ̀ àwòṣe nígbà náà, ló bá a to ojú irin rẹ̀. Bekonscot ni wọ́n sọ ibẹ̀, ọdún 1929 ni wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú. Ọdún náà gan-an ni ọjà ìpín ìdókòòwò dojú dé ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀wọ́n-gógó iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé. Bekonscot kò kú. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, owó tí àwọn èrò ń san lẹ́nu ọ̀nà sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláàánú. Ọmọbìnrin tó padà di Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà lára àwọn ọmọdé tó lọ wò ó.

Àpẹẹrẹ kejì ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló dá alága wa lóhùn jù. Nígbà òtútù tó so ọdún 1944 pọ̀ mọ́ 1945, ebi pa àwọn ará Họ́láǹdì débi pé àwọn kan ń se ìdí òdòdó tulip jẹ. Ọdún méje péré lẹ́yìn náà, ní 1952, wọ́n ṣí ìlú kékeré kan sí The Hague, ìdá kan nínú 25 ìlú gidi, tòun ti ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Madurodam ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi sọrí George Maduro, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Curaçao, tó jà fún Họ́láǹdì, tó sì kú sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n Dachau ní 1945. Àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n gbé owó ìpìlẹ̀ kalẹ̀, kí ìrántí ọmọ wọn má baà parun. Bekonscot ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ti rí àwòkọ́ṣe. Kí sì ni wọ́n fẹ́ fi èrè rẹ̀ ṣe? Ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá fínra. Àwọn tí ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ìlú ìṣeré, tí wọ́n sì fi ìlú ìṣeré wo aláìsàn.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí á wá kọ́ abúlé òyìnbó sí Yorùbá o. Kí ni a fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta Beaconsfield ṣe? Àwa náà ní ojú irin tiwa, ó sì ní ìtàn. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó. Ní 1901 ọkọ̀ ti ń wọ Ìbàdàn. Láàárín Èkó fúnra rẹ̀, ọkọ̀ kékeré elóoru rìn láti 1902 títí di 1933, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Èkó ògún ọdún, ẹ wò ó bóyá yóò gbà yín gbọ́. Ilé Jaekel, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣì dúró nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu ti dìde, tí gbogbo òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, tí ìjọba amúnisìn kò rí oorun sùn. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 dára, mo ti wọ̀ ọ́, n kò ní bú u. Síbẹ̀, bí tuntun ti ń dé ni àtijọ́ ń wọlẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó ń ya àwòrán rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá náà mọ bí awakọ̀ kò ṣe gbọdọ̀ ṣí kúrò ní ibùdó láìjẹ́ pé ọ̀gá ibùdó fi ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́, torí ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Ó mọ obìnrin tó ń ta àkàrà lábẹ́ igi níbùdó kọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tí ìfun àwọn awakọ̀ máa ń gbà láwìn. Ó máa ń sọ ọ́ bí a bá jókòó lálẹ́, èmi a sì máa tẹ fóònù mi. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú gómìnà àti aṣòfin tí n kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́, n kò gbé e síwájú bàbá yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti lọ. Gbogbo rẹ̀ bá a lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ìtàn lè fò ohun tí kò bá mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibùdó Lafenwa bó ti rí láyé èédú kò lè fo ohunkóhun: níbo ni agogo wà? Apá wo ni òrùlé dà sí? Àwo wo ni wọ́n ń gbé ìrẹsì sí? Dandan ni kí ọmọ ilé ìwé lọ jókòó ti àgbàlagbà, kí ó bi í léèrè. Bí a bá dúró ní ọdún mẹ́wàá sí i, kò ní sí ẹni tí a óò bi.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára wa. Irin méjèèjì tí ọkọ̀ inú ọgbà ń gùn sábà máa ń fi mílímítà 45 jìnnà síra. Ìwọ̀n yìí ni LGB ní Jámánì lò fún ọkọ̀ inú ọgbà tó gbé jáde ní 1968, tó sì tàn kálẹ̀. Ojú irin àtijọ́ tiwa fẹ̀ tó mílímítà 1,067. Ẹ pín in, ìdá kan nínú 24 ni. Ọkùnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 yóò di sẹ̀ǹtímítà 7. Ilé tó ga ní mítà mẹ́fà yóò di sẹ̀ǹtímítà 25. Láti Ìdó dé Ìbàdàn yóò ṣì gbà tó kìlómítà mẹ́jọ, nítorí náà a ó dín in kù: Ìdó, afárá odò Ògùn, Lafenwa pẹ̀lú Olúmọ lẹ́yìn rẹ̀, Ìbàdàn. Ogójì mítà tó láti bẹ̀rẹ̀.

Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú irin yìí lókè òkun, torí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní àdúgbò tèmi, idẹ kò ní mọ́jú. Kí wẹ́dà wa tẹ irin lásán fún wa, kí bátìrì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí oòrùn máa gbà á lágbára; bí irin bá dógùn-ún, kò pa ọkọ̀ lára, àwọ̀ àwọn òrùlé wa ni yóò kàn mú. Kí òkè rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ nínú mítà kan, kí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò oṣù kẹfà yóò wọ́ Ìbàdàn lọ sí gọ́tà. Amọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ pò ni ògiri. Agolo mílíìkì tí a tẹ́ ni páànù. Ní ti aláǹgbá tí yóò máa yáàrùn lórí ibùdó Ìdó bí ẹranko ńlá inú àlọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn jù.

Ẹnì kan ti bi mí pé kí ló dé tí a kò gbé e fún ìjọba. Rárá o! Bí ìjọba bá gbọ́, wọn yóò gbé kọngílá dé, wọn yóò gé rìbọ́ọ̀nù, àwòrán ọlọ́lá kan yóò ga ju ọkọ̀ lọ lẹ́nu ọ̀nà, koríko yóò sì jogún ìyókù. Callingham kì í ṣe mínísítà. Ọgbà tí wẹ́dà àdúgbò àti ọmọ rẹ̀ bá fi ọwọ́ ara wọn tò, wọn ni yóò ṣọ́ ọ. Ní ti owó, mo ti jókòó ṣírò rẹ̀: kánópì, aṣọ ẹgbẹ́ àti olórin tí a fi ṣe àjọ̀dún wa tó kọjá ju ohun tí ogójì mítà àkọ́kọ́ yóò ná wa lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́jọ́ náà bóyá ará àdúgbò ti jẹun.

Ilẹ̀ kan ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà odò, kò fẹ̀ púpọ̀. Mo ti lọ fi okùn wọ̀n ọ́. Ìpàdé wa tún di Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní dá lọ. Bàbá arúgbó méjì tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ti gbà láti tẹ̀ lé mi, mo sì ti gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná, kí alága tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.