Ìwé Ìjẹ́rìí Kì í Ṣe Ọjà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí ó ń ṣe ìwádìí nípa àrùn ohun ọ̀gbìn ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí i kíákíá. Nígbà tí mo kà á, mo bá orúkọ mi lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí n kò sọ rí. Lẹ́tà náà ní èmi jẹ́rìí pé kò sí olùṣèwádìí bí ọmọ yìí ní gbogbo Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kọ́ ọ. N kò ka ìwádìí rẹ̀ kan ṣoṣo rí. Mo bi í léèrè, ó ní alágbàtà kan tí òun sanwó fún ni ó kọ ọ́. Mo kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ọmọ náà bínú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ní ìlara ni ó ń ṣe mí. Ẹ̀sùn yìí ni mo fẹ́ dáhùn.

N kò sí lára àwọn tí ń pe ọmọ tí ó bá lọ sí ibi tí ohun èlò ìwádìí wà ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni irú wọn ń tọ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990 ya nǹkan bí 140,000 àyè sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí iṣẹ́ wọn yóò sọ di olùgbé ibẹ̀, ó sì ka ọkọ, aya àti ọmọ wọn mọ́ iye náà. Agbanisíṣẹ́ ni ó sábà máa ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì wà tí olùṣèwádìí lè gbà bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ ta yọ: bí kò bá tíì gba ẹ̀bùn ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, ó gbọ́dọ̀ mú mẹ́ta wá, ó kéré tán, nínú oríṣi ẹ̀rí mẹ́wàá. Èkejì jẹ́ ti ẹni tí ó ní oyè gíga, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe orílẹ̀-èdè náà ní oore tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ní béèrè agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn alágbàtà lúgọ sí. Wọn a ní kí ọmọ ra ẹ̀bùn ẹ̀yẹ, kí ó sanwó kí a lè tẹ àròkọ rẹ̀ jáde láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kó lẹ́tà ìyìn jọ bí ẹni ń ṣa igi. Ǹjẹ́ ohun tí ìdájọ́ wí nìyẹn? Ní 2010, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan gbọ́ ẹjọ́ onímọ̀ físíìsì kan, Kazarian. Ilé-ẹjọ́ náà bá ìjọba wí pé wọn kò gbọdọ̀ fi ohun tí òfin kò sọ kún ohun tí wọ́n ń béèrè. Síbẹ̀ ọkùnrin náà kò rí ohun tí ó ń wá, nítorí oríṣi ẹ̀rí méjì péré ni ó ojú òṣùwọ̀n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti yìn ín nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìyìn wọn kò tó láti fi hàn pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ipa ńlá nínú ìmọ̀ náà.

Ní 2016 ni ìpinnu lórí ẹ̀bẹ̀ Dhanasar jáde, òun ni ó sì fi ìlànà lélẹ̀ fún ọ̀nà kejì. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó gbé kalẹ̀. Ǹjẹ́ iṣẹ́ náà ní láárí, tí ó sì ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè? Ǹjẹ́ ẹni náà wà ní ipò láti mú un tẹ̀ síwájú? Ǹjẹ́ àǹfààní wà nínú kí a má béèrè agbanisíṣẹ́? Kò sí ibi tí ó ti béèrè òkìkí, kò sì dárúkọ iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti tọ́ka sí ìwé ọmọ náà. Ìwádìí Dhanasar dá lórí ẹ̀rọ tí ń mú ọkọ̀ òfurufú sáré ju ìró lọ. Lára ohun tí ó gbè é ni lẹ́tà àwọn onímọ̀ tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fínnífínní, tí ó sì fi hàn pé ìjọba ń náwó sí i. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìpinnu náà gbà pé ìkọ́ni níye lórí, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ẹ̀rí pé ìkọ́ni rẹ̀ kan ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwa olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi kọ́gbọ́n.

Àwọn kan yóò ní gbogbo ayé ni ó ń ṣe é, àti pé ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ráyè kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ọmọ lè kọ kókó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò jẹ́rìí, kí ó má baà ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé ni ó ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì rí i pé ọmọ fi irọ́ wá ìwé ìgbélùú, òfin Amẹ́ríkà lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ìdáríjì ibẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Alágbàtà ti gba owó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ọmọ mìíràn tí kò purọ́ yóò sì tún jìyà, nítorí òṣìṣẹ́ tí ó ti ka irọ́ ogún olùkọ́ yóò fura sí òtítọ́ ẹni kọkànlélógún.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Kí á kọ kìkì ohun tí a mọ̀. Olùkọ́ tí ó rí ọmọ tí ó tún ìdánwò kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà kí ó tó gbà pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ohun gidi ni ó ní láti sọ. Kí á kọ́ wọn láti kékeré láti tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí wọn. Kí á sì sọ fún wọn pé bí ìjọba bá tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀bẹ̀ wọlé, kò tíì di ìwé ìgbélùú: ààyè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, àṣẹ ìjọba sì lè yí padà. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà 2025 ni Ààrẹ Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dín ìwọlé àwọn ọmọ wọn kù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Ẹni tí ó ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ìlérí alágbàtà, kí ni yóò padà sí?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo kọ lẹ́tà kúkúrú fún ọmọ náà nígbẹ̀yìn, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìkan ni mo sì kọ: pé kì í jí ìdáhùn wò. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn di irọ́ lọ́wọ́ wa.